Ọdún Mẹ́rin Tí Saifudeen Yọ Kúrò Lára Ògbómọ̀ṣọ́

Àpótí kan wà ní Ọ̀yọ́, ní agbo ilé àwọn oníṣọ̀nà awọ, tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Kì í ṣe èèwọ̀. Israfil tó jẹ́ olórí ibẹ̀ ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ de àbúrò òun, Saifudeen, nítorí ó dá a lójú pé Saifudeen ń bọ̀. Aṣọ iṣẹ́ Saifudeen náà wà lára ìṣó lókè àpótí yìí. Bí eruku bá bò ó, Israfil á gbọ̀n ọ́n nù, á tún fi í kọ́, á sì padà sídìí tìmùtìmù tó ń rán.

Saifudeen kò kú, kò sì lọ sí ìlú òkèèrè. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ á dé Takie, ibùdókọ̀ wọn, kí ebi tó tún pa á, àfi tí táyà bá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ lójú ọ̀nà. Ohun tó gbé e lọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gbà: kọ̀ǹpútà.

"Kí ló máa ń ṣe?" Israfil bi í léèrè lọ́jọ́ tó ń di ẹrù.

"Ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀rọ̀ ta ni?"

"Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá fi sí i lọ́wọ́."

"Ìyá wa ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mi ò rí i kí wọ́n gba owó oṣù lé e lórí."

Ibẹ̀ ni Saifudeen ti sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò tún ní fi ìdí kan àpótí yìí mọ́ láyé mi."

Israfil kò bínú. Ó gbé àpótí náà ti ògiri, ó sì ní kí gbogbo ilé yàgò fún un. Láti ìgbà náà, bí Saifudeen bá ti wálé ọdún Iléyá, ìkíni méjì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń ní fún un. Èkíní ni, "O kú ọdún." Èkejì ni, "Àpótí rẹ ní kí n kí ọ."

Ilé ìwòsàn tí Saifudeen ń bá ṣiṣẹ́ kò tóbi. Àwọn Onítẹ̀bọmi kan ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Igbó, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ilé Ìwòsàn Àánú. Mùsùlùmí ni Saifudeen. Ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ló ti máa ń kírun, ó sì mọ orin ìsìn àárọ̀ wọn ju àwọn nọ́ọ̀sì tó ń pẹ́ dé lọ, torí pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó rí èyí bí ọ̀rọ̀.

Òyìnbó Amẹ́ríkà kan, Mísítà Tọ́mìlìn, ẹni tó máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọnu, ló kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé ìwòsàn náà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò kan sínú ẹ̀rọ ọ̀hún tó ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn, ilé wọn, ọdún ìbí wọn àti ohun tó gbé wọn wá. Bí èèyàn bá tẹ orúkọ bí Àjàní, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ kùn, á ronú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo Àjàní Ògbómọ̀ṣọ́ jáde lẹ́sẹẹsẹ. Èèyàn lè lọ ra ẹ̀kọ kó sì padà bá a lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mísítà Tọ́mìlìn kì í ṣe ẹni tó gbójú lé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbà pé kí ọdún 1985 tó parí, ẹlòmíràn á ti ṣe èyí tó sàn ju tòun lọ, àti pé bí òun kò bá fipá mú wa, a ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ wá dáadáa. Ó bá fi ohun kan ṣe ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà ètò náà: bí 1985 bá ti kọjá, ètò kò ní ṣí fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ èyí fún wa. Ó padà sílé wọn, ó sì kú síbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ohun tí kò rò ni ìwà àwọn akọ̀wé wa. Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kò ní agogo nínú. Láràárọ̀ tí wọ́n bá tan án, á béèrè pé ọjọ́ wo lòní. Akọ̀wé á sì tẹ bọ́tìnnì kan kọjá láìdáhùn, nítorí ta ló fẹ́ kí ẹ̀rọ máa fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò láfẹ̀mọ́júmọ́? Bí wọn kò bá sì ti dá a lóhùn, ẹ̀rọ náà á gbà pé ọdún 1980 ni. Báyìí ni Ilé Ìwòsàn Àánú ṣe ń gbé nínú 1980 láti ọdún dé ọdún. Ẹ̀ṣọ́ Mísítà Tọ́mìlìn ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo nǹkan sì ń lọ déédéé.

Ọdún 1989 ni àwọn ìjọ kan láti Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ tuntun ta wọ́n lọ́rẹ. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Ó jókòó sí yàrá tirẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i lórí, àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tó wà níbi ìgbàkáàdì, nílé oògùn àti lọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù á sì máa ti inú wáyà bi í ní gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀. Ètò tó ń darí rẹ̀ kì í ṣe irú ti àtijọ́. Ó ní bátìrì nínú, ó mọ ọjọ́, ó mọ wákàtí. NEPA ì báà mú iná lọ kó má dá a padà títí di ọ̀la, bí sáfà bá jí, kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ wo lòní. Ó ti mọ̀.

Saifudeen kó ètò Mísítà Tọ́mìlìn àti orúkọ gbogbo aláìsàn sínú rẹ̀, ó ṣe bísímílà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yọ lójú rẹ̀, ní Yorùbá:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 1985 ti parí. Ẹ wá ètò tuntun. Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín."

Ó sì padé. Saifudeen tún un tẹ̀. Ó tún kí i, ó tún súre fún un. Títí di ọ̀sán, ọwọ́ ń ro Saifudeen, àdúrà kò sì tán lẹ́nu ẹ̀rọ.

Màmá Martha ló wọlé bá a. Òun ni Mátírọ́ọ̀nù. Ó ti gbẹ̀bí fún ìdajì ìlú, kò sì sí ẹni tó lè gbójú sí i níbẹ̀, nítorí àwọn tí kò tíì rí ní ìhòhò kò pọ̀.

"Sèfú, kí ló ń wí?"

"Ó ń kí wa, Màmá."

"Mo rí i pé ó ń kí wa. Orúkọ àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ẹ̀, Màmá. Kò kàn fẹ́ ṣílẹ̀kùn ni."

Màmá Martha yọ awò ojú rẹ̀. "Fetí sí mi. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, Ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwòsàn yìí ń bọ̀ wá jókòó. Díákónì Olúyẹmí tó jẹ́ alága ti ń sọ ọ́ káàkiri pé àwọn aláboyún ń fi páálí fẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ ń jẹ afẹ́fẹ́ tútù. Tí orúkọ ò bá tíì jáde lára nǹkan yìí kí wọ́n tó dé, wọ́n á tà á. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ò sì ní rí nǹkan tọ́jú mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ohun tó gbọ́ gan-an ni ìró àpótí kan tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ kejì ló parọ́ fún sáfà. Ó ti rántí pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ ọjọ́, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn; èyí tó mọ ọjọ́ ni kò ṣí i. Ó bá dá ọdún inú sáfà padà sí 1985. Kò dá a dé 1980, nítorí ó ní bí èèyàn bá máa parọ́, kó pa á níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ètò ṣí. Gbogbo aláìsàn jáde, àtàwọn tó ti gbàgbé pé àwọn ṣàìsàn rí. Àwọn nọ́ọ̀sì kọrin. Màmá Martha wò ó, ó ní, "Ó dáa." Ẹni tó bá mọ Màmá Martha á mọ̀ pé wọ́n ti fi àwọn mìíràn joyè lórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n sáfà kò dá wá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan bá a wá, láti ìgbà náà ni wọn kò sì fọwọ́ kọ káàdì aláìsàn mọ́. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ọdún tí wọ́n bí èèyàn, yóò wo ọdún tí a wà, yóò yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, yóò sì tẹ ọjọ́ orí sí igun káàdì. Sáfà sì gbà pé 1985 la wà. Saifudeen rí i. Ó ní igun ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, pé kò sẹ́ni tó máa kà á. Ẹni tó bá rò pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ka ohun tí wọ́n kọ nípa òun, kò tíì bá wọn gbé pẹ́.

Olùkọ́ kan ni ẹni àkọ́kọ́. Ibà ló gbé e wá, ìfẹ̀yìntì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ fún un. Ó gba káàdì, ó kà á, ó rí i pé ọdún mẹ́rin ti fò kúrò lórí òun. Ó wo nọ́ọ̀sì lójú. Ó ká káàdì náà sí méjì, ó fi í sápò àyà, ó sì gba ilé lọ láì dúró gba oògùn. Ibà náà lọ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ ni àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba nílùú. Kì í mú ọmọdé. Kì í mú ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹ̀yìn ríro ni àmì rẹ̀, káàdì sì ni oògùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló ń ṣe yín?"

"Ẹ̀yìn."

"Ẹ jókòó síbí yìí, sà, dókítà ń bọ̀."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ dókítà lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi káàdì yẹn wo ara mi sàn."

Ẹ máà dá wọn lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti ń ṣètò ìfẹ̀yìntì, gbogbo ayé ló ń gbé ìwé ìbúra ọjọ́ orí wá láti kóòtù, àwọn akọ̀wé ibẹ̀ kò sì tún fi ẹ̀rín pamọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá kọ̀ǹpútà jiyàn? Kì í gba rìbá, kì í ṣe ẹbí ẹnikẹ́ni. Ní Takie, àwọn tó ń dúró de mọ́tò ti ń sọ ọ́ fúnra wọn pé ilé ìwòsàn kan wà níbí tí wọ́n ti ń wo ọjọ́ orí sàn.

Saifudeen mọ̀. Ó bá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ jókòó, wọ́n jọ ṣe àdéhùn: kí Ìgbìmọ̀ sáà ti wá, kí wọ́n rí orúkọ, kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, òun yóò wá ojúùtú sí i. Ẹ̀rí ọkàn gbà. Kò kúkú mọ kọ̀ǹpútà.

Ìyá Ràmọ́tà ló tú àdéhùn náà ká. Ọṣẹ ló ń tà ní Ọjà Igbó. Òun àti Marufat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n bí ọmọ náà, wọ́n sì tẹ káàdì tirẹ̀ fún un bí ti gbogbo èèyàn. Marufat tó kàwé ni ó wò ó ní bárándà. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni Ìyá Ràmọ́tà wí.

"Mọ́mì, wọ́n ní ó ku ọdún mẹ́ta."

"Ó ku ọdún mẹ́ta kí ni kó ṣẹlẹ̀?"

"Kí wọ́n tó bí i."

Ìyá Ràmọ́tà kò pariwo. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ bá Saifudeen, ó sì gbé ọmọ náà kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kú iṣẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Kí lo rí yìí?"

"Ọmọ ni, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

"Ẹ̀rọ ẹ ní kò tíì dé."

"Mà, ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni. Ẹ̀rọ yẹn wo ọdún tí—"

"Ta ló ń mu ọmú Marufat láti ọdún tó kọjá?"

"Òun náà ni, mà."

"Ta ló tọ̀ sí mi lára láàárọ̀ yìí?"

Ọmọ náà, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí, tọ̀ sórí tábìlì.

Saifudeen ń wá àkísà. Ìyá Ràmọ́tà kò wo ìtọ̀ yẹn rárá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tí ọmọbìnrin yìí bí ṣáájú, kò sí èyí tó dúró. Èyí dúró. Ìwọ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò tíì dé, pé ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó ṣì wà lọ́nà lè ṣẹ́rí padà. Kọ ọ́ pé ó ti dé."

Saifudeen na ọwọ́ sí bíírò, kó fi fa ìlà gba orí ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀.

"Gbé bíírò ẹ jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Ẹ̀rọ ni kó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ."

Kí ẹ̀rọ tó lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó di dandan kí sáfà mọ ọdún tí a wà. Bí sáfà bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀ṣọ́ Mísítà Tọ́mìlìn á jí, á kí wọn kú iṣẹ́, á súre, á sì tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo orúkọ. Ọ̀la ni Ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Saifudeen wo ọmọ orí tábìlì. Ọmọ náà wò ó padà, ó sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun kò sí láyé. Saifudeen rò ó dé Ọ̀yọ́, ó rí aṣọ iṣẹ́ lára ìṣó. Ó wọ yàrá sáfà lọ, ó tẹ ọjọ́ òní sí i, ó sì dijú kí ó má baà rí àdúrà náà nígbà tó bá yọ.

Àdúrà kò yọ.

Ó la ojú kan. Ètò ṣì wà ní ṣíṣí. Ó béèrè Àjàní, gbogbo Àjàní sì jáde. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ káàdì ọmọ, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e fún Marufat.

"Ọdún kan," ni Marufat wí.

"Ó ti dé?" ni Ìyá Ràmọ́tà béèrè.

"Ó ti dé, Mọ́mì."

Ìyá Ràmọ́tà kọjú sí ọmọ náà. "Káàbọ̀," ló wí fún un. Ó gbé e pọ̀n, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí Saifudeen ṣe yíjú padà báyìí, Màmá Martha ló bá lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí Mísítà Tọ́mìlìn títí dé orí ẹ̀yìn ríro. Mátírọ́ọ̀nù gbọ́ ọ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá kan ń ṣọ́ géètì wa. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láì wọ bàtà funfun. Bàtà kan ṣoṣo ni àwa ọ̀rẹ́ ní. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ wọlé á jù ú padà láti orí ògiri fún ẹni tó kù níta. Bàbá yẹn ò tẹ̀ lé èèyàn dé yàrá rí láti wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ètò yín yìí, òun àti bàbá yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Saifudeen ti ń rẹ́rìn-ín.

"Má tíì rẹ́rìn-ín. Díákónì Olúyẹmí fi káàdì ẹ̀ hàn mí lánàá. Kíláàsì kan náà la jọ wà ní àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàdédé di ẹ̀gbọ́n ẹ̀." Ó fi awò ojú rẹ̀ padà sójú. "Èmi ò ní parọ́ fún Ìgbìmọ̀, ìwọ náà ò sì ní parọ́. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́ fún wọn. Ohun tó bá yọrí sí, kó yọrí sí i."

Saifudeen délé, ó di ẹrù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú sí bárándà, ta ló sì rí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn nínú agbádá? Israfil ni. Àpò kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú, ó sì dà bí ohun tó gba aṣọ iṣẹ́ nínú.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo Ọ̀yọ́ ló ti gbọ́. Lọ parí iṣẹ́ rẹ. Mo ń dúró."

Saifudeen wọlé bí ẹni tí wọ́n ti ka ìdájọ́ rẹ̀ tán, tó kù kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó fi orúkọ hàn wọ́n. Ìgbìmọ̀ béèrè bàbá yìí, wọ́n béèrè ìyá tọ̀hún, gbogbo wọn ń jáde, ẹnu sì ya àwọn àgbààgbà náà. Ìgbà yìí ni Màmá Martha ní, "Sèfú, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́?" Saifudeen sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Pásítọ̀ kan tó wà nínú Ìgbìmọ̀ ló kọ́kọ́ fèsì. "Ẹ lé e. Ẹni tó bá lè yí ọdún padà, kí ni kò ní lè yí padà?"

Wọ́n wo alága. Díákónì Olúyẹmí, tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wúkọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni, ó gba àdúrà, ó sì ní ó dà bí ẹni pé kí àwọn sún un di ìpàdé tó ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, alága," ni Màmá Martha wí, "ẹ má jẹ́ ká sún un. Orí tábìlì yìí ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí káàdì yẹn bá wà lára ẹ̀ nínú wa, kó gbé e sílẹ̀, kí Sèfú tẹ òmíràn fún un. Tí gbogbo wa bá ti dá a padà, ta la ó wá lé, nítorí kí ni?"

"Tí ẹnì kan ò bá wá dá a padà ńkọ́?" ni Pásítọ̀ bi í.

"Á jẹ́ pé a ó fi orúkọ ẹni yẹn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. A ó so ó mọ́ ti Sèfú." Ó gbójú sókè, ó ń wo fáànù bó ṣe ń yí.

Fáànù yí títí. Díákónì Olúyẹmí ṣí Bíbélì rẹ̀, ó sì yọ káàdì jáde láti ibi tó fi ṣàmì sí nínú ìwé Òwe. Akápò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ tirẹ̀ lábẹ́ fìlà. Nígbà tó ṣe, Pásítọ̀ tó ní kí wọ́n lé Saifudeen fọwọ́ bọ àpò.

Alága wo káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì. Ó kọjú sí akọ̀wé ìpàdé. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí fún iṣẹ́ takuntakun, ó sì ní kó máa bá a lọ."

Ìparí ọdún náà ni Díákónì Olúyẹmí fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére pé kò fi ọjọ́ kan lé àkókò rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwọn olùkọ́ mìíràn náà ń dá káàdì wọn padà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé alága ti ṣáájú wọn, àfi àwọn kan tí ẹ̀yìn ṣì ń ro títí di òní.

Saifudeen jáde sí bárándà. Ara rẹ̀ yá débi tó gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní lè bá yín lọ o. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ."

"Ta ló ní kí o bá mi lọ?" Israfil ṣí àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Sálúbàtà awọ tuntun méjì ló wà nínú ẹ̀, tó dára ju èyí tó máa ń tà lọ. "Ọ̀gá rẹ ni mo rán èyí fún. Èkejì, tìrẹ ni." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ ọn. "Mo ń fẹ́ Raliat, ọmọ àdúgbò wa. Àwọn òbí ẹ̀ ń béèrè ọjọ́ orí. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń dín in."

"A ti ṣíwọ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná ni."

Israfil mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wọ mọ́tò wá, kò sì ní padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n tẹ káàdì fún un. Àádọ́ta ọdún ó lé méjì, bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́. Ó wò ó títí.

"Ẹ̀rọ yìí mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí?"

"Ó mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò kàn kà á sí ni."

Ó ká a, ó fi í sápò, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ Saifudeen ti lójú. Láràárọ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó kọrin ìsìn tán, á sọ fún sáfà pé 1985 ni, á ṣí ètò Mísítà Tọ́mìlìn, ẹ̀ṣọ́ á yàgò, á sì sáré sọ ọjọ́ òní fún sáfà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ káàdì. Bí NEPA bá mú iná lọ, á tún un ṣe. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ a máa padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń sín, wọn kì í sì í mọ̀.

Nígbà tí Iléyá dé, ó wọ sálúbàtà rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Israfil wà nídìí tìmùtìmù.

"O kú ọdún," ni Israfil wí.

Saifudeen dúró de ìkíni kejì. Kò wá. Ó wojú ìṣó, kò rí aṣọ iṣẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ ògiri. Raliat ló jókòó sórí àpótí náà, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Àṣé àwọn òbí rẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé Israfil ti lé ní ọgọ́ta dáadáa, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló bá a dín in kù.

Raliat gbójú sókè, ó rí bí Saifudeen ṣe ń wo ìdí rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ kú ọdún o. Ṣé kí n dìde fún yín ni?"

"Rárá o, aya wa," ni Saifudeen wí. "Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ dáadáa."